Ẹ̀rọ Kì í Ṣọ́ Ara Rẹ̀: Iṣẹ́ Ẹnjiníà Nínú Klíínrúùmù Yunifásítì

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí a sọ níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama, àwọn olùkọ́ àti àwọn òbí ní Ìsánlú, ní ìwọ̀-oòrùn Ìpínlẹ̀ Kogí. A tún un tò díẹ̀ fún kíkà.

Kábíyèsí, ẹ̀yin àgbà ìlú, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ọmọ mi gbogbo, ọ̀kun o! Ẹ kú ọ̀gìnnìtìn, ẹ sì kú ìfaradà eruku ọyẹ́ yìí.

Ẹni tó pè mí sórí pèpéle pè mí ní ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, oyè náà tóbi jù mí lọ. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà mí sí ní yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà ni pé kí n máa tọ́jú ẹ̀rọ, kí n sì máa tún un ṣe, nínú yàrá kan tí a ń lé eruku kúrò nínú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní klíínrúùmù. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ló ń ronú ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn ló ń wá ṣe é, èmi àtàwọn ẹlẹgbẹ́ mi la sì ń rí i pé ẹ̀rọ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe é jí ní òwúrọ̀. Ìyá mi máa ń sọ fún àwọn èèyàn lọ́jà pé kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe. Mi ò bá a jiyàn. Ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà, irú yàrá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é lóòótọ́.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo bá wá. Ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ ló ń sọ ilé di láàbù. Bí a bá kó ẹ̀rọ olówó ńlá wọlé, tí a kò gba ẹni tí yóò máa ṣí i, tí yóò máa nù ún, tí yóò máa gbọ́ ohùn rẹ̀, irin lásán la rà. Gbogbo ohun tí mo bá sọ lónìí, ibẹ̀ ni yóò máa padà sí, bí mo tilẹ̀ yà bàrá díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ohun tí à ń ṣe níbẹ̀ ṣe kéré tó. Ẹ fa fọ́nrán irun kan tu lórí yín. Ìbú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì wà láàárín máíkírọ́ọ̀nù 50 sí 100. Bí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 1,000, ìpín kan níbẹ̀ ni máíkírọ́ọ̀nù. Bí a bá tún pín máíkírọ́ọ̀nù kan sí ọ̀nà 1,000, a kan nánómítà. Àwọn ilà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀dọ̀ wa ń fà sórí pẹlẹbẹ sílíkọ́nì, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń ṣe chip inú kọ̀ǹpútà, ọ̀pọ̀ wọn ni ìbú rẹ̀ kò ju nánómítà 100 lọ, òmíràn kò tó 20.

Ẹ wá wo eruku tó bo mọ́tò yín níta yẹn. Púpọ̀ nínú rẹ̀ gbéra láti ẹkùn Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, atẹ́gùn ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Hóró eruku tó lè rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ kò lè tóbi, máíkírọ́ọ̀nù díẹ̀ péré ni, ojú lásán kò sì lè rí i ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí hóró kan tó jẹ́ máíkírọ́ọ̀nù 3 bá bà lé ilà tí ìbú rẹ̀ jẹ́ nánómítà 100, eruku yẹn fẹ̀ ju ilà náà lọ ní ìlọ́po 30. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn, nítorí ohun tí ẹ ń gbá kúrò lẹ́nu ọ̀nà ní àràárọ̀ láìronú sí i.

Nítorí náà, afẹ́fẹ́ la kọ́kọ́ ń fọ̀. Ìgbà kan wà tó jẹ́ pé gbígbá àti nínù ni àwọn iléeṣẹ́ gbójú lé. Eruku á dìde, á fò káàkiri, á tún bà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni Willis Whitfield, onímọ̀ físíìsì kan ní Sandia National Laboratories ní New Mexico, fi ọgbọ́n mìíràn hàn wọ́n: kí afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ máa gbálẹ̀. Kí ó gba inú asẹ́ wọlé, kí ó máa ṣàn lọ lójú kan láìyí po, kí ó sì máa gbá eruku tó bá pàdé jáde. Ọgbọ́n yẹn náà la ṣì ń lò títí dòní. Asẹ́ tó wà lórí àjà yàrá wa, HEPA ni wọ́n ń pè é. Bí 10,000 hóró tó jẹ́ máíkírọ́ọ̀nù 0.3 bá dé ibẹ̀, kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó ju mẹ́ta lọ tó kọjá. Òdiwọ̀n àgbáyé tí a ń tẹ̀lé ni ISO 14644. Yàrá tó bá wà ní ipele karùn-ún rẹ̀ kò gbọdọ̀ ní ju hóró 3,520 lọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ìdajì máíkírọ́ọ̀nù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nínú mítà kúbíìkì afẹ́fẹ́ kan. A sì máa ń fẹ́ afẹ́fẹ́ wọ yàrá náà tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé bí ilẹ̀kùn bá ṣí, ti inú ló máa tú síta, ti ìta kò ráyè wọlé.

Èwo ló dọ̀tí jù nínú yàrá yìí? Àwa èèyàn ni. Awọ ara wa ń ṣí, irun wa ń já, itọ́ ń ta jáde bí a bá ń sọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń wọ aṣọ funfun kan tó bo èèyàn láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀, tó fi jẹ́ pé ojú nìkan lẹ ó rí. Aṣọ yẹn kò wá láti dáàbò bo ẹni tó wọ̀ ọ́. Sílíkọ́nì ló ń dáàbò bò lọ́wọ́ wa. Kò sí páúdà lọ́rùn, kò sí àtíkè, kò sí tìróò. Pẹ́ńsùlù kò gbọdọ̀ wọlé, nítorí ẹnu rẹ̀ ń dà eruku dúdú sílẹ̀. Bébà gan-an, irú èyí tí kì í tú fọ́nrán la fi ń kọ̀wé níbẹ̀. Ní apá kan yàrá náà, iná yẹ́lò ló ń tàn tọ̀sán tòru, nítorí oje kan wà tí à ń fi kun sílíkọ́nì kí a tó ya àwòrán sí i, ìmọ́lẹ̀ búlúù àti èyí tójú kò rí ló sì ń ba oje náà jẹ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ ibẹ̀ á máa nu ojú, á rò pé ibà pọ́njú ló dé.

Ó tó bẹ́ẹ̀ lórí yàrá. Ẹ jẹ́ ká dé ìdí iṣẹ́.

Ẹ̀yin náà mọ àwọn tó ń tún fíríìjì ṣe létí títì láti ibí lọ sí Kàbà. Bí páìpù fíríìjì bá ti jò, tí ọ̀gá náà ti dí i, kì í kàn fi gáàsì tuntun sí i lẹ́sẹ̀ kan náà. Ó máa ń so pọ́ǹpù kan mọ́ ọn, á jẹ́ kó fa gbogbo afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin inú rẹ̀ jáde. Á wá ti fáàfù, á máa wo gééjì. Bí abẹ́rẹ́ gééjì bá ń rìn padà, ibì kan ṣì ń jò. Á fẹ́ gáàsì sí i, á fi ìfófòó ọṣẹ pa ojú ìdè kọ̀ọ̀kan, ibi tó bá ń hó ni arùfin wà. Ẹni tó mọ ìyẹn ṣe dáadáa ti mọ ìdajì iṣẹ́ mi. Mi ò fi ṣàwàdà. Bí wọ́n bá ní kí n mú ọmọ kan láti ibí yìí wá kọ́ iṣẹ́, ọ̀dọ̀ irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ ni mo ti máa lọ wá a.

Ibi tí tiwa ti yàtọ̀ ni bí a ṣe ń fa afẹ́fẹ́ náà jáde jìnnà tó. Nínú àpótí irin tí a ti ń fi irin yíyọ́ bo sílíkọ́nì, ohun tó máa ń ṣẹ́ kù kò ju nǹkan bí ẹyọ kan lọ nínú bílíọ̀nù kan afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kí ló dé tí a fi ń ṣe bẹ́ẹ̀? Nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí yìí, mólékù kan kì í rìn ju nǹkan bí nánómítà 70 lọ kó tó kọlu òmíràn. Nínú àpótí wa, ó lè rìn tó mítà 50 láìkọlu ohunkóhun. Nítorí bẹ́ẹ̀, bí a bá yọ́ alumíníọ̀mù nísàlẹ̀ àpótí, àwọn átọ́ọ̀mù rẹ̀ á gbéra lọ tààrà, wọ́n á lẹ̀ mọ́ sílíkọ́nì tó dojú bolẹ̀ lókè. Kò sí nǹkan tó máa dá wọn lọ́nà.

Pọ́ǹpù kan kò lè dá ṣe é. Èyí àkọ́kọ́ á fa èyí tó pọ̀, á wá fi ìyókù sílẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá náà lè jẹ́ èyí tí wọ́n ń pè ní turbo, abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ń yí ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá-mẹ́wàá ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan. Ó sì lè jẹ́ cryopump, tí kì í yí rárá: inú rẹ̀ tutù tó bẹ́ẹ̀, nǹkan bí 250 sẹ́lísíọ́ọ̀sì nísàlẹ̀ òdo, tí afẹ́fẹ́ tó bá kàn án fi ń dì mọ́ ọn bí yìnyín. Bó bá yá, á yó. A ó pa á, a ó jẹ́ kí ó gbóná kí ó sì pọ̀ ohun tó gbé mì, ká tún tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá sún un síwájú nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ kan ń kánjú, òun ni yóò wá ṣàlàyé ní ọjọ́ kejì.

Omi ló ń yọ wá lẹ́nu ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí àpótí náà bá ṣí fún ìṣẹ́jú díẹ̀ péré, ọ̀rinrin inú yàrá á ti lẹ̀ mọ́ ògiri irin rẹ̀, kì í sì í kúrò bọ̀rọ̀. Ó lè máa jáde díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí púpọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé náítírójìn gbígbẹ la fi ń kún inú rẹ̀ ká tó ṣí i, a sì ti máa ń to irin iṣẹ́ wa sílẹ̀ ní ìtòtẹ̀lé kí a tó fọwọ́ kan bóòtù àkọ́kọ́. Ọwọ́ lásán kò gbọdọ̀ kan inú ibẹ̀. Ọ̀rá ìka kan ṣoṣo, pọ́ǹpù lè máa bá a jà títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Bí ó bá wá jẹ́ pé ó ń jò ńkọ́? Ọṣẹ kò ràn án mọ́. Helium la ń lò. Nínú afẹ́fẹ́ ayé, helium kò ju nǹkan bí 5 lọ nínú mílíọ̀nù kan, nítorí náà, bí a bá rí i nínú àpótí, a mọ̀ pé àwa la fẹ́ ẹ wọlé. A ó so ẹ̀rọ kan tó ń gbóòórùn rẹ̀ mọ́ àpótí, a ó wá máa fi páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ fẹ́ helium díẹ̀díẹ̀ sí ojú ìdè kọ̀ọ̀kan láti ìta. Òkè la ti ń bẹ̀rẹ̀, a ó máa bọ̀ nísàlẹ̀. Helium fúyẹ́, ó ń gòkè ni. Bí o bá bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, á gòkè lọ wọ ihò tó wà lókè, ìwọ á sì máa tú ohun tí kò ṣe nǹkan kan. Mo ti rí ẹnjiníà tó gba oyè ńlá tí kò mọ èyí, mo sì ti rí tẹkiníṣíà tí kò lọ yunifásítì rárá tó fi í kọ́ ọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Lẹ́yìn gbogbo wàhálà yìí, ohun tí a máa ń bá nígbà púpọ̀ ni fọ́nrán kan tó sùn sórí òrùka rọ́bà. Ẹ̀rọ tí owó rẹ̀ lè kọ́ ilé ìwòsàn, fọ́nrán ló dá a dúró.

Àwọn ẹ̀rọ mìíràn wà tó ń fi plasma gbẹ́ sílíkọ́nì: gáàsì díẹ̀ nínú àpótí, iná tó ń gbọ̀n ní ìgbà mílíọ̀nù 13.56 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, gáàsì náà á sì máa tàn. Ẹni tó ti pẹ́ nídìí rẹ̀ á wo àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ náà láti ojú dígí kékeré, á ti mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ìta ń wọlé, nítorí náítírójìn inú afẹ́fẹ́ máa ń mú kí àwọ̀ náà pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ìwé ìtọ́nisọ́nà kì í sábà kọ ìyẹn sí.

Ẹ̀yin òbí, mi ò ní tan yín, iṣẹ́ náà léwu. Gáàsì kan wà tó ń jẹ́ silane, bó bá jò síta, ó lè gbaná láìsí ẹni tó ṣáná sí i. Ásíìdì kan wà tí wọ́n ń pè ní HF. Bí ó bá ta sí èèyàn lára tí kò lágbára púpọ̀, ó lè má dun ẹni náà lójú ẹsẹ̀; yóò wọ inú ẹran lọ, yóò máa wá kálísíọ̀mù, títí kan ti egungun. A kì í fi í ṣeré. Ìpara kan tó ní kálísíọ̀mù nínú wà nítòsí ibi tí a ti ń lò ó, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ dá nìkan lò ó lóru. Àwọn ẹ̀rọ náà ní ìdènà tó ń ti gáàsì pa fúnra rẹ̀ bí ilẹ̀kùn bá ṣí tàbí bí afẹ́fẹ́ tó ń fa èéfín jáde bá dúró. Apá kan iṣẹ́ mi ni láti máa dán àwọn ìdènà yẹn wò nígbà tí kò sí wàhálà. Ẹnikẹ́ni tó bá fi wáyà kọ ìdènà kan sílẹ̀ kí iṣẹ́ lè yá, kò yẹ kó tún fọwọ́ kan ẹ̀rọ mọ́, ẹni yòówù kó jẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan tí mo mọ̀ pé yóò yà yín lẹ́nu ní ìlú yìí ni ọ̀rọ̀ wúrà. Láti Ìsánlú lọ sí Ẹ̀gbẹ̀, ta ni kò mọ ẹni tó ń wa wúrà, tàbí ẹni tí oko rẹ̀ di kòtò nítorí rẹ̀? Lẹ́nu ìléru wa, èèwọ̀ ni wúrà. Ìléru yẹn ni a ti ń mú kí awọ dígí hù sórí sílíkọ́nì, nínú ooru tó tó 1,000 sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Nínú ooru bẹ́ẹ̀, wúrà ń sáré nínú sílíkọ́nì. Ó ń tàn ká gbogbo inú rẹ̀, ibi tí átọ́ọ̀mù rẹ̀ bá sì jókòó sí, ó di kòtò tí ẹ̀lẹ́ktróọ̀nù ń kó sí tí kì í dé ibi tí a rán an. Ẹni tó bá gbé pẹlẹbẹ tó ní wúrà wọ ìléru mímọ́ ti ba ti gbogbo ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́, nítorí ara ọ̀pá inú ìléru náà ni wúrà yóò lúgọ sí. Irin, bàbà àti iyọ̀ náà wà nínú àwọn tí a ń lé. Iyọ̀ inú òógùn ọwọ́ nìkan tó láti mú kí transistor, ẹ̀yà kékeré inú chip tó ń ṣí iná tó sì ń pa á, máa ṣe ségesège. Àwọn tó ń ṣe é ní àwọn ọdún 1960 jìyà rẹ̀ kí wọ́n tó mọ ibi tó ti ń wá. Ẹ̀mú, abọ́, ìbọ̀wọ́, gbogbo rẹ̀ la pín sí méjì: ti àwọn tó ń lo wúrà, àti ti àwọn tí kò gbọdọ̀ gbọ́ òórùn rẹ̀. Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan, ó ní, "Àṣé ibì kan wà láyé tí wọ́n ti ń lé wúrà síta."

Òkúta dúdú wúwo tí wọ́n ń wà lágbègbè Ẹ̀gbẹ̀ ńkọ́, tantalite? Ìyẹn, a fẹ́ràn rẹ̀. Inú rẹ̀ ni tantalum ti ń wá. Ó wà nínú àwọn kàpásítọ̀ kéékèèké inú fóònù, a sì máa ń fi í tẹ́ ìtẹ́ tínrín sáàárín bàbà àti sílíkọ́nì kí bàbà má baà wọlé bí wúrà. Mo ń tọ́jú ẹ̀rọ kan tó ń fọ́n ọn. Òkúta náà ń jáde láti ibí nínú àpò lórí ọkọ̀ akẹ́rù, owó tí wọ́n ń san lórí rẹ̀ níbí kò sì tó nǹkan kan lára iye tó ń di lẹ́yìn tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ tán. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Ní iléeṣẹ́ ńlá tó ń ṣe chip, ẹ̀rọ kan ń ṣe iṣẹ́ kan náà lójoojúmọ́, kò sí ẹni tó ń yí i padà. Ní yunifásítì, ẹ̀rọ kan ṣoṣo, ọ̀pọ̀lọpọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń lò ó. Ẹnìkan fẹ́ ṣe ohun tí yóò máa ka ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ẹnìkan fẹ́ ṣe lésà, ẹnìkan kò tíì mọ ohun tó fẹ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń yí nọ́ńbà ẹ̀rọ sí ibi tó wù ú, á sì máa lọ. Bí ó bá di alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìpàdé ńlá wọn, wọ́n á pè mí: "Ẹ̀rọ yín ti bàjẹ́ o." Mi kì í bá wọn jà. Ohun tí mo máa ń bi wọ́n ni: kí lo fọwọ́ kàn gbẹ̀yìn? Ta ló lò ó ṣáájú rẹ? Nọ́ńbà wo lo rí, kì í ṣe èyí tí o rò pé o rí? Ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ ni mo ń kọ́kọ́ ṣí kí n tó ṣí àpótí irin. Bí ẹ bá rí i pé àkókò tí pọ́ǹpù fi ń fa afẹ́fẹ́ tán ń gùn sí i díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ẹ̀rọ yẹn ti ń sọ̀rọ̀ tipẹ́, ẹ kò kàn tíì fetí sí i ni.

Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ náà kì í ṣe tuntun. Iléeṣẹ́ ti lò ó, ó ti fi ta yunifásítì lọ́rẹ. Kọ̀ǹpútà tó ń darí òmíràn ti dàgbà ju akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó síwájú rẹ̀ lọ, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Iléeṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ mìíràn ti kógbá sílé. A ń wá páàtì rẹ̀ kiri lọ́wọ́ àwọn tó ń ta àlòkù, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ń wá ti Peugeot 504 ní Lókójà. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé àwọn òyìnbó ń ṣe é nítorí pé tuntun ni ẹ̀rọ wọn, kò tíì dé ẹ̀yìn ògiri ibẹ̀.

Mo wá dé ilé. Mo ti wọ láàbù ní orílẹ̀-èdè yìí, mi ò ní dárúkọ ibẹ̀, tí ẹ̀rọ tó dára ju èyí tí mo ń lò lọ wà nínú páálí tó gbé e dé. Wọ́n ti gé téèpù rẹ̀ lọ́jọ́ ìfilọ́lẹ̀, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n sì dá ìdérí padà. Mo béèrè ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó gba ẹ̀kọ́ lórí rẹ̀ ti lọ sí ẹ̀ka ìṣàkóso nítorí ibẹ̀ ni ìgbéga wà. Kì í ṣe pé ọ̀lẹ ni wọ́n. Bí ètò owó ṣe rí ni: owó wà fún rírà, kò sí fún títọ́jú. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta irú ẹ̀rọ wọ̀nyí, àdéhùn ìtọ́jú ọdún kan máa ń tó nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó ẹ̀rọ náà. Ẹni tó bá ra ẹ̀rọ láìya ìyẹn sọ́tọ̀ ti pinnu ọdún tí yóò kú. Bí iná bá tún ń lọ tó ń bọ̀ lójijì, turbo tó ń yí lọ́wọ́ kò fẹ́ràn bẹ́ẹ̀, cryopump á sì pọ̀ gbogbo ohun tó gbé mì. Bátìrì àti jẹnẹrétọ̀ wà lára owó ẹ̀rọ.

Èrò tèmi ni pé kí yunifásítì kọ̀ọ̀kan má máa ra tirẹ̀ mọ́. Àwọn ará Amẹ́ríkà fúnra wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Láti 1977 ni ìjọba wọn ti fi owó sílẹ̀ ní Yunifásítì Cornell kí ẹnikẹ́ni láti ibikíbi lè wá lo ẹ̀rọ ibẹ̀. Nígbà tó di 2015, wọ́n so ojúkò 16 pọ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè náà. Akẹ́kọ̀ọ́ á wá, á kẹ́kọ̀ọ́ lílo ẹ̀rọ, á sanwó wákàtí tó lò, á máa lọ. Bí Lókójà, Ìlọrin, Ifẹ̀ àti Zaria bá jọ ní ojúkò kan tí ẹ̀rọ rẹ̀ kò ju mẹ́wàá lọ, tí ó ní ẹnjiníà márùn-ún tí owó oṣù wọn kò kéré sí ti olùkọ́ àgbà, ó sàn ju ogún láàbù tó kún fún páálí lọ. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín kò ní fẹ́ gbọ́ ti owó oṣù yẹn. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Níwọ̀n ìgbà tí a bá ń pe ẹni tó mọ ẹ̀rọ ní "bọ́yì láàbù", ọmọ tó gbọ́n kò ní gba ibẹ̀ lọ.

Wọ́n béèrè ìbéèrè púpọ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà, mo kọ díẹ̀ sílẹ̀ níbí.

Ọmọbìnrin kan ní SS2 bèèrè bóyá obìnrin lè ṣe é. Ọ̀gá tó ń bójú tó ẹ̀ka àwọn ìléru lọ́dọ̀ wa, obìnrin ni, òun ló sì le jù lórí ọ̀rọ̀ wúrà. Bàbá kan bèèrè ìwé tí ọmọ nílò. Físíìsì, kẹ́místírì, ìṣirò. Lẹ́yìn náà, ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ, ti iná tàbí ti ohun èlò, yálà ní pólì tàbí ní yunifásítì. Mo fi kún un pé kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ náà lo ọlidé kan lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún fíríìjì ṣe. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá kan tó ń ṣe iṣẹ́ náà jókòó lẹ́yìn, kò rẹ́rìn-ín, ó dìde ní ẹ̀yìn ìpàdé wá béèrè bí a ṣe ń ṣe helium náà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Olùkọ́ báyọ́lọ́jì kan ló béèrè èyí tó kẹ́yìn: "Ẹ̀gbọ́n, a kò ní klíínrúùmù. Máíkírósíkópù kan ṣoṣo la ní. Kí ni ká ṣe?" Mo ní kí wọ́n má tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù lásìkò òjò, nítorí inú òkùnkùn tó ní ọ̀rinrin ni èbu ti ń hù sórí dígí rẹ̀, kí wọ́n fi sílíkà jẹ́ẹ̀lì sínú àpótí rẹ̀, kí wọ́n máa gbẹ ẹ́ lórí ooru bó bá ti mu omi yó. Kí wọ́n fi ọ̀rá bò ó lásìkò ọyẹ́. Kí wọ́n má fi etí aṣọ nu dígí rẹ̀ láé. Kí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ eruku kúrò, kí wọ́n tó lo bébà rírọ̀ tí wọ́n ṣe fún un. Kí orúkọ ẹnìkan wà lára rẹ̀, kì í ṣe ti ẹ̀ka, kí ìwé kékeré kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni tó bá lò ó yóò fọwọ́ sí. Gílóòbù rẹ̀, kí wọ́n ra èkejì ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí èyí tó wà níbẹ̀ tó jó.